Warframe: ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ mú sùúrù dání

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ni tó bá fẹ́ padà lè tètè padà: Warframe, gèèmù ìbọn yìí, ò ní gbowó lọ́wọ́ yín, àkókò ló ń gbà, ó sì mọ̀ ọ́n gbà. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń gbá a lórí láptọ́ọ̀pù nílé wa ní Òkè Àró, Àkúrẹ́ níbí, kọ́bọ̀ mi ò tíì wọnú ẹ̀ àfi owó dátà, owó dátà ọ̀hún náà kì í ṣe kékeré o, torí ó ju 30GB lọ kẹ́ ẹ tó rójú ẹ̀. Òru mẹ́ta ni mo fi dáńlóòdù ẹ̀ pẹ̀lú dátà òru, tílẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́ ni mo ti ń pa á kó má lọ jẹ ti ọ̀sán mọ́ ọn.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, Digital Extremes ní Kánádà ló ṣe é, 2013 ló jáde, títí dòní wọn ò yé fi nǹkan kún un. Tenno ni wọ́n ń pè yín. Warframe fúnra ẹ̀, ẹ sáà máa wò ó bí ẹ̀kú eégún: ẹni tó wọ̀ ọ́ ò yí padà, ẹ̀kú ló ń pààrọ̀, oògùn tó wà nínú ẹ̀kú kan ò sì sí nínú èkejì. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan nínú Excalibur, Mag àti Volt láti fi bẹ̀rẹ̀, èmi mú Excalibur torí idà ẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ jọ ń lọ sójú ogun, ohun tí ọ̀tá bá já sílẹ̀, kálukú ló máa mú tiẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè sáré gbé e mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí nìkan ti pa ìjà tó pọ̀, torí gèèmù kan wà témi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi gbá rí tá a fẹ́ẹ̀ di ọ̀tá ara wa nítorí ìbọn kan ṣoṣo.

Ibi tó ti mú mi gan-an ni ìrìn ẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl mọ́lẹ̀, ẹ tẹ Space lé e, ẹ ti fò bí ọta ìbọn nìyẹn, ẹ lè sáré lára ògiri, ẹ lè máa yìnbọn lókè kẹ́ ẹ tó balẹ̀. Tí mo bá kúrò nínú ẹ̀ tí mo bọ́ sínú gèèmù ìbọn míì, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n so òkúta mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Màmá mi wọlé lóru ọjọ́ kan, wọ́n dúró sẹ́yìn mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, ta ló ṣẹ̀ ẹ́ tó o ń yìnbọn láàjìn báyìí?" Mo ní Grineer ni, mà, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ọ̀tá inú gèèmù. Wọ́n ní kí Grineer náà lọ sùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tó ń roni lára. Mo fẹ́ Warframe kan tó ń jẹ́ Rhino, torí ìyẹn ní awọ irin, ìbọn ò ràn án. Ẹ lè fi credit, ìyẹn owó inú gèèmù, ra àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ ọ nínú Market, kò lẹ́jọ́ nínú, àmọ́ ẹ̀yà ara ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Neuroptics, Chassis àti Systems, ọwọ́ Jackal lẹ ti máa gbà á, ìyẹn ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tó wà ní Fossa lórí Venus. Ẹ bá a jà, ẹ pa á, ó fún yín ní ẹ̀yà kan, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa yàn án. Systems ló ṣọ̀wọ́n jù, bíi 22% péré ni pé á já bọ́. Ìgbà mọ́kàndínlógún ni mo pa Jackal, mo ní Chassis mẹ́jọ nílẹ̀ tí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, kí Systems tó yọjú. Mo pariwo! Mo rò pé ó tán. Kò tán o, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan á tún lo wákàtí 12 nínú Foundry, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń rọ nǹkan, tẹ́ ẹ bá wá to gbogbo ẹ̀ pọ̀, Rhino fúnra ẹ̀ á lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹni tí ò lè dúró, kó fi Platinum, owó inú gèèmù tí wọ́n ń fi owó gidi rà, sanwó kó jáde kíá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí owó. Èmi dúró. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò dìgbà tẹ́ ẹ bá tan láptọ́ọ̀pù kí Foundry tó ṣiṣẹ́, iná wa lọ fún odidi ọjọ́ méjì, Rhino mi ń jinná lọ ní tiẹ̀.

Platinum yẹn, 50 ni wọ́n máa fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ra àwọ̀, ẹ má fi mú iṣẹ́ Foundry yá. Àyè tí Warframe máa gbà ni kẹ́ ẹ fi rà, 20 ni ọ̀kan, torí bí àyè bá kún tán ẹ ò ní lè mú tuntun jáde àfi tẹ́ ẹ bá ta ti tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Oǹdó fi tiẹ̀ kun ara bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ọ̀sẹ̀ kejì ló pè mí, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí." Owó kọ́ ni mo fi gbà á o. Tẹ́ ẹ bá ti dé Mastery Rank 2, ìyẹn ipò kejì nínú gèèmù, ẹ lè máa bá àwọn ẹlòmíì ṣòwò, ẹ̀yà Prime (ti Warframe tàbí ohun ìjà àkànṣe) tẹ́ ẹ bá rí nínú relic, ohun tẹ́ ẹ máa ṣí lójú ogun, ẹ tà á, ẹ gba Platinum. Bí Ọjà Ọba Àkúrẹ́ gẹ́lẹ́ ni chat tí wọ́n ti ń ṣòwò yẹn, ẹni tí ò bá mọ ọjà nájà á sanwó ju ẹnì kejì ẹ̀ lọ.

Kì í ṣàlàyé nǹkan kan, ìyẹn náà ń bí mi nínú. Odidi oṣù méjì ni mo fi ń yìnbọn tí ọ̀tá ò kú, mo ti ń sọ pé ìbọn mi ò dáa, àṣé mod, ìyẹn káàdì tó ń fún ìbọn lágbára, tó wà nínú ìbọn ni mi ò gbé sókè rí. Wiki ni mo lọ kà kójú mi tó là.

Èyí tó kan àwa tá à ń gbé níbi tí iná ti ń ṣe bó ṣe wù ú ló kù. Nígbà tẹ́ ẹ bá jọ wà lójú ogun, ẹ̀rọ ọ̀kan nínú yín ló ń gbé gbogbo ìjà ọ̀hún sórí, òun ni host. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì host bá ń rákò, gbogbo yín lẹ jọ máa rákò, mo ti dé ibì kan tí mo yìnbọn, ó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ọ̀tá tó rántí pé òun ti kú. Lọ́jọ́ kan èmi ni host, Survival là ń ṣe, ìyẹn ìjà tẹ́ ẹ ti máa wà láàyè títí àkókò á fi pé, ìṣẹ́jú 20 là ń lé, a ti dé 18, wọ́n mú iná. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, orí iná ló ń gbé, gbogbo ẹ̀ ṣókùnkùn. Àwọn mẹ́ta tó kù á ti rí i tí gèèmù dúró kó tó rí host míì, èmi ní tèmi pàdánù gbogbo ohun tí mo ti ṣà. Ojú wọn ni mo ń tì, mi ò sì mọ̀ wọ́n rí.

Ní báyìí mo ti lọ sínú Options, mo fi Ping Limit sí 200, kí wọ́n má fi mí sọ́dọ̀ host tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ń rákò, tíná ò bá dúró, Solo, ìyẹn èmi nìkan, ni mo máa ń gbá. Ó ṣì ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ṣá, Solo ò yọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ tí Màmá mi bá pè mí, mo kàn máa tẹ Esc, gbogbo Grineer á dúró dè mí títí n óò fi padà dé.