Yamaha Enduro 40 lórí bóòtì àtijọ́: ẹ fi kábúrétọ̀ sílẹ̀, pùròpẹ́là ni kí ẹ wò

Kí n tètè sọ ọ́: bí ẹ bá ní bóòtì fáíbà àtijọ́, tí ẹ sì fẹ́ kó sáré lórí omi Ìlàjẹ, ẹ́ńjìnnì Yamaha Enduro 40, alágbára ẹṣin ogójì, ni kí ẹ gbé sí i nídìí. Tú-sítíróòkù ni, irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, sìlíńdà méjì, 703 cc, okùn la fi ń jí i. Àkúrẹ́ ni mo ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, Igbókòdá ni bóòtì mi wà, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu oníṣòwò ni mo fẹ́ sọ.

Tòkunbọ̀ ni bóòtì náà, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún. Abẹ́ rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bíi lẹ́tà V láti iwájú títí dé ìdí. Ray Hunt, ará Amẹ́ríkà, ló ya irú abẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Dick Bertram fi bóòtì rẹ̀ tó ń jẹ́ Moppie gba ipò kìíní nínú ìdíje Miami sí Nassau ní 1960, nínú òkun tó ń ru, ni ojú àwọn èèyàn là sí i. Ní 1964 Don Aronow dá ilé iṣẹ́ bóòtì Donzi sílẹ̀, ó sì ń ta irú abẹ́ yìí fún àwọn olówó tó fẹ́ràn eré. Tèmi kì í ṣe Donzi o, ẹni tó tà á fún mi pàápàá kò mọ ẹni tó kàn án. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń la ìgbì dùn mọ́ mi, nítorí bóòtì abẹ́ pẹrẹsẹ a máa na èèyàn ní ìbàdí. Wàhálà abẹ́ V ni pé ó ń fẹ́ agbára púpọ̀ kó tó gbéra sórí omi, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹ́ńjìnnì yìí lóye.

Ìwé Yamaha ní kí Enduro 40 máa yí láàárín 4,500 sí 5,500 ní ìṣẹ́jú kan bí a bá ṣí i tán. Jíà ìsàlẹ̀ pín ìyẹn sí méjì: bí ẹ́ńjìnnì bá yí 5,000, pùròpẹ́là yí 2,500. Pitch ni iye ínǹṣì tí pùròpẹ́là ìbá rìn síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá mi ṣírò: pitch 13 á gbé yín dé kìlómítà 49 ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan, pitch 11 á gbé yín dé 42, ká tó yọ èyí tó ń yọ̀ dànù nínú omi. Ẹni tó bá gbọ́ ìṣirò yìí á sáré lọ ra 13. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́ta bá wọ bóòtì mi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo, ẹ́ńjìnnì kì í dé 4,500 lórí 13. Imú bóòtì á gbé sókè, ìdí á máa wọ́ nínú omi, písítìnnì á máa jìyà. Mo kó o sórí 11, ó gbéra, ó sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mítà kékeré tí mo fi ń wọn eré jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni mo wé mọ́ wáyà pílọ́ọ̀gì láti mọ èyí.

Mẹkáníìkì kan létí omi ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lu ojú jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ yìí fẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i bó ṣe máa fò."

Mo ní, "Àbúrò, fi jẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, pùròpẹ́là ni kóo bá mi tú."

Ó rẹ́rìn-ín. Jẹ́ẹ̀tì ni ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀; èyí tí wọ́n lù fẹ̀ kò ju kí ẹ́ńjìnnì mu epo, kó rú èéfín, kí pílọ́ọ̀gì dúdú. Ohun kejì tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pákó tí mo fi gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kí irin pẹlẹbẹ òkè pùròpẹ́là lè bá abẹ́ bóòtì dọ́gba. Bó bá ga jù, á fa atẹ́gùn bí ẹ bá ń yà, á sì máa pariwo lásán.

Ẹ ṣọ́ra fún pùròpẹ́là ayédèrú. Wọ́n ta ọ̀kan fún mi tí wọ́n kọ 11 sí lára, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì dọ́gba.

Epo? Ó ń mu ún. Tú-sítíróòkù oníkábúrétọ̀ ni, kò sì sí bá a ṣe lè ṣe é. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, mi ò fi bóòtì ṣeré lásán mọ́. Ààbọ̀ lítà ọ́ìlì TC-W3, ti tú-sítíróòkù bóòtì, ni mo ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì 25 lítà. Ọ́ìlì ọ̀kadà kọ́ o. Fóò-sítíróòkù kì í mu tó bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó wúwo, èyí tó ní kọ̀ǹpútà nínú sì lè dá yín dúró sáàárín omi, níbi tí sípánà kò ti wúlò.

Bí mo bá lọ sí Ayétòrò, níbi tí òkun ti ń jẹ ilé àwọn èèyàn wa, omi iyọ̀ nìyẹn. Bí mo bá padà, inú dúrọ́ọ̀mù omi tútù ni mo ń ti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ̀, kí n tó jí i kó fọ ara rẹ̀. Ewéko orí omi àti iyanrìn ni ọ̀tá rọ́bà tó ń fa omi wọlé láti tu ẹ́ńjìnnì lára. Bí omi tó ń tọ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì bá dáwọ́ dúró, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì so okùn ìpaná, èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá já bọ́, mọ́ ara yín. Àwọn awakọ̀ tó ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì títí lọ ń bí mi nínú.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ariwo rẹ̀ àti ọ̀fun rẹ̀ ló jẹ ọ̀kan tó kù. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má wo ọ̀dà tuntun. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì méjèèjì, ẹ fi mítà wọn bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, kí ẹ tó ná an. Bí ọ̀kan bá fi púpọ̀ rẹlẹ̀ sí èkejì, ẹ kí ẹni tó ń tà á, kí ẹ máa lọ.