Àwọn tó bá mi jí grínháòsì ẹ̀gbọ́n mi dìde n'Íkọ̀lé

Grínháòsì, ilé onínáílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń gbin nǹkan sínú ẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ sẹ́yìn ilé kí wọ́n tó lọ sí Kánádà, mítà 8 ní fífẹ̀, mítà 24 ní gígùn, ọdún 4 ló fi wà lásán. Náílọ́ọ̀nù orí ẹ̀ ti ya yánnayànna, ewúrẹ́ àdúgbò ló ń sùn síbẹ̀, ìtàkùn ti gun páìpù dókè. Ẹni tí mo kọ́kọ́ pè wá láti Adó ò tiẹ̀ wọlé tán tó fi ní ká tú gbogbo irin ẹ̀ dànù ká ra tuntun, ó sì dùn mí torí irin yẹn ṣì le, ìdí ẹ̀ níbi tó ti wọ ilẹ̀ nìkan ló dípẹtà.

Àwọn tó wá ṣe é nígbẹ̀yìn, bàbá wẹ́dà kan ni àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé àgbẹ̀ ní FUOYE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Ìkọ̀lé níbí náà ni wọ́n ti ń kọ́ wọn níṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ yẹn ò wo òkè rárá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ilẹ̀ sọ́wọ́, ó ní "Mà, kí lẹ gbìn síbí gbẹ̀yìn?" Mo ní tòmátì. Ó ní ṣé ńṣe ló ń rọ nígbà tí ewé ẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀? Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn o, ohun tó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi pa ibẹ̀ tì nìyẹn! Igi ikàn kan tó lalẹ̀ hù létí ilẹ̀kùn ti ń rọ, ó gé e, ó ní kí n bu omi sínú gíláàsì, ó ti ojú ibi tó gé bọ omi ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀, kò pẹ́ nǹkan funfun kan ń sàn wálẹ̀ látinú igi yẹn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí omi ògì. Ó ní nǹkan funfun yẹn ló fi hàn pé àrùn tó ń mú wọn rọ ṣì wà nínú ilẹ̀, pé tòmátì, ata àti ikàn, ẹbí kan náà ni wọ́n, kò ní dá ìkankan sí.

Ibi tí mo ti gbà fún wọn nìyí. Wọn ì bá ta náílọ́ọ̀nù tuntun sí i kí wọ́n gbowó kí wọ́n máa lọ, mi ò ní mọ̀. Wọ́n ro ilẹ̀, wọ́n bomi rin ín dáadáa, wọ́n wá fi náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bò ó, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ tẹ etí ẹ̀ mọ́lẹ̀, oòrùn oṣù kìíní se é fún ọ̀sẹ̀ 6. Ó sọ fún mi kedere pé ìyẹn máa dín àrùn kù ni, kò ní pa á tán, kùkúńbà ni kí n gbìn sílẹ̀, kí tòmátì wà nínú àpò tí a po ilẹ̀ ibòmíì pọ̀ mọ́ eèpo ìrẹsì sísun sí. Ìgbẹ́mọ̀ la ti lọ kó eèpo yẹn, ó pọ̀ níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Bàbá wẹ́dà gé ìdí páìpù tó jẹrà, wọ́n jó tuntun mọ́ ọn, wọ́n da kọnkéré sí i. Kí wọ́n tó ta náílọ́ọ̀nù orí, wọ́n fi aṣọ funfun wé gbogbo páìpù torí irin tó bá gbóná ló ń jó náílọ́ọ̀nù, mo wá rántí pé ojú páìpù gan-an ni ti àkọ́kọ́ ti ya. Wọn ò sì gbà ká ta á láàárọ̀ tí ara ẹ̀ tutù, wọ́n ní tí oòrùn bá ràn á máa dẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn: wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 2 pẹ́ sí ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè tí wọn ò gbé e, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣe nígbà tí a jọ sọ pé méjì ni, kí ti àkọ́kọ́ ti tì kéèyàn tó ṣí ìkejì. Eṣinṣin funfun kéékèèké ti ń bá mi wọlé, mo ń rí wọn lábẹ́ ewé kùkúńbà. Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Wọ́n ní Sátidé làwọn ń bọ̀ wá ṣe ilẹ̀kùn yẹn, mo ti ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sílẹ̀.