Ìkìlọ̀: Kẹ́ ẹ tó gbé láptọ́ọ̀pù tó ń falẹ̀ fún ẹnjiníà, ẹ ka èyí ná

Ẹ̀yin tèmi, ẹ dákun, tí láptọ́ọ̀pù yín bá ti ń falẹ̀, ẹ má tíì gbé e lọ bá ẹnikẹ́ni o. Àwọn kan wà ní Computer Village n'Íkẹjà àti láwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké káàkiri àdúgbò tó jẹ́ pé "ó ń falẹ̀" yẹn gan-an ni wọ́n ń retí kẹ́ ẹ sọ. Bẹ́ ẹ bá ti wí bẹ́ẹ̀ báyìí, wọ́n ti mọ̀ pé ẹ ò mọ ohun tó ń ṣe é, ohunkóhun táwọn bá sì sọ lẹ máa gbà. Mi ò ní gbogbo wọn ni o, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wọn bí iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, èmi náà ní ẹni tí mo máa ń lọ bá, àmọ́ àwọn gbájúẹ̀ tó wà láàárín wọn ò kọ ọ́ síwájú orí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á tan láptọ́ọ̀pù yín, wọ́n á wò ó díẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní "Háà, Mọ̀mí, fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́ tán o, ẹ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ padà wá laago mẹ́rin." Bẹ́ ẹ bá ṣe ń kúrò níbẹ̀ ni wọ́n máa tú ìdí ẹ̀, wọ́n á yọ RAM tó dáa (ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), wọ́n á fi kékeré síbẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ SSD (ibi ìkófáìlìpamọ́ tó yára) kí wọ́n fi hard disk àlòkù, ìyẹn ibi ìkófáìlìpamọ́ tó ń falẹ̀, rọ́pò ẹ̀. Wọ́n á wá fọ́máàtì ẹ̀, wọ́n á gbé Windows tuntun sí i, kò ní sí nǹkan kan lórí ẹ̀ rárá, á wá máa yá lójú yín, ẹ ó sanwó, ẹ ó tún dúpẹ́. Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá kó Word àti Chrome àti Zoom padà sí i kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ti tẹ́lẹ̀ sàn ju eléyìí lọ.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti àǹtí mi kan, tíṣà ni wọ́n n'Íkòròdú, láptọ́ọ̀pù yẹn ni wọ́n fi ń ṣe lesson note àti èsì ìdánwò àwọn ọmọ. 8GB ni RAM ẹ̀ nígbà tí wọ́n rà á, rìsíìtì ẹ̀ wà nílé, 4GB méjì ni wọ́n tò sínú ẹ̀. Nígbà tó tọ̀dọ̀ ẹnjiníà dé, èèyàn lè lọ pọnmi dé kó tó ṣí fáìlì kan, àǹtí mi wá ní kí n bá àwọn wò ó. Mo ṣí Task Manager, ìyẹn ibi tí Windows ti ń fi bí láptọ́ọ̀pù ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, mo tẹ Performance, mo tẹ Memory (ìyẹn RAM), ó kọ 3.9GB síbẹ̀, ó tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé nínú ihò méjì tó wà fún RAM, ọ̀kan ṣoṣo ló ní nǹkan nínú. Mo bá tú u. Ẹ wá wo ihò kejì, ó ṣófo gbáà, eruku dúdú yí i ká, àmọ́ ibi tí RAM ń dùbúlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ mọ́ tónítóní bí ojú ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ fọ́tò kúrò lára ẹ̀. Síkúrù tó de ìdí láptọ́ọ̀pù náà tiẹ̀ ti ya orí, méjì ò sí níbẹ̀ mọ́.

A pe ẹnjiníà. Ó ní Windows ló ń lo 4GB tó kù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, irọ́ gbuu ni. Lóòótọ́ láptọ́ọ̀pù máa ń mú díẹ̀ pamọ́ fún ara ẹ̀ àti fún àwòrán tó ń gbé sójú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí 4GB fi máa ń kọ 3.9 tàbí 3.8, àmọ́ kò sí Windows tó ń gbé odindi ìdajì mì. Ohun kan ṣoṣo tó lè fara jọ ọ́ ni tí wọ́n bá gbé Windows 32-bit sí i, ìyẹn ò lè lo RAM tó ju nǹkan bíi 4GB lọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ihò méjèèjì ṣì máa hàn pé wọ́n ní RAM nínú. Ihò ò lè ṣófo fúnra ẹ̀.

Àìmọ̀ wa ni wọ́n fi ń jẹun, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sábà máa ń fà á. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager máa jáde, ẹ wá wo CPU (ọpọlọ láptọ́ọ̀pù), Memory àti Disk (ibi tó ń kó fáìlì pamọ́ sí). Bó bá jẹ́ Disk ló dúró sí 100% láìjẹ́ pé ẹ̀ ń ṣe nǹkan kan gbòógì, ó fẹ́ẹ̀ dá mi lójú pé hard disk onírin tó ń yí ló wà nínú ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú láptọ́ọ̀pù máa ń yí ní ìgbà 5400 láàárín ìṣẹ́jú kan, tó bá sáré débi tágbára ẹ̀ mọ, nǹkan bíi 100MB ló máa kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí SSD lásán ń ka 500MB, àwọn fáìlì wẹ́wẹ́ tó fọ́n káàkiri ni kò tiẹ̀ jẹ́ kí hard disk lè bá a du nǹkankan. Ẹni tó bá fẹ́ ná owó kan ṣoṣo sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́, SSD ni kó fi rà. Bó bá jẹ́ Memory ló ń kún dé 90%, RAM ni, tàbí kẹ́ ẹ dín àwọn ojú ewé tẹ́ ẹ ṣí sórí Chrome kù, torí mo mọ àwọn tó máa ń ṣí ogójì tí wọn ò ní ti ọ̀kan. Ẹ wọ Startup níbẹ̀ náà, ẹ pa gbogbo ohun tí kò nídìí tó fi yẹ kó máa jí pẹ̀lú Windows láràárọ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìyẹn.

Ooru náà ńkọ́? Láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ̀ ń lò lórí bẹ́ẹ̀dì, tí eruku ọyẹ́ ti dí fáànù ẹ̀, bó bá ti gbóná dé ibì kan, CPU máa dín eré ẹ̀ kù fúnra ẹ̀ kó má baà jóná. Kí wọ́n fẹ́ eruku yẹn kúrò kí wọ́n sì pààrọ̀ thermal paste, ìyẹn ìpara tó gbẹ sórí CPU, ó parí. Ṣájà gan-an lè fà á o! Bí Dell kan ò bá dá ṣájà tẹ́ ẹ rà lẹ́bàá títì mọ̀, ó máa sọ fún yín nígbà tó bá ń tàn, á sì mọ̀ọ́mọ̀ máa rọra rìn. Ẹlòmíì ti sanwó mọdabọ́ọ̀dù lórí ṣájà ayédèrú.

Fáírọ́ọ̀sì wà lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Windows 10 àti 11 ní ààbò tiwọn nínú, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá wá mú antivirus onífíláàṣì tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wá fún yín, àìsàn ló gbé wọlé.

Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ náà ti rí ọ̀nà tiwọn. Wọ́n á ní "Core i5 ni o, Alhaji, ó ń sáré gan-an", bẹ́ẹ̀ Core i5, ìyẹn orúkọ irú CPU kan tí Intel ṣe, ti wà láti 2009. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ wò: i5-3320M jẹ́ ìran kẹta, 2012 ló jáde, i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, 2017 ló jáde, àwọn méjèèjì ò lè jọ dúró lórí ìlà. Microsoft dáwọ́ àtìlẹyìn Windows 10 dúró lọ́jọ́ 14 oṣù October 2025, CPU Intel tó wà nísàlẹ̀ ìran kẹjọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára àwọn tí wọ́n gbà fún Windows 11, ìdí nìyẹn tí àwọn àtijọ́ fi kún ọjà báyìí, tí wọ́n fi tipátipá gbé Windows 11 sí wọn. Ẹ má wo sítíkà, ẹ má sì fọkàn tán orúkọ tó wà nínú Settings, wọ́n lè yí i padà. Ẹ ní kí wọ́n wọ BIOS, ìyẹn ojú ewé tí láptọ́ọ̀pù ní kí Windows tó tàn, lójú yín. Kẹ́ ẹ tún tẹ powercfg /batteryreport nínú Command Prompt (ojú ewé tẹ́ ẹ ti ń tẹ àṣẹ fún Windows), ó máa sọ iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Ẹni tó bá ń ta ọjà gidi ò ní bínú sí gbogbo èyí.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, ìyẹn tó máa fò jáde pé kọ̀ǹpútà yín ń falẹ̀, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà kan, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi AnyDesk (ètò tó ń jẹ́ kí ẹlòmíì darí kọ̀ǹpútà yín láti ọ̀nà jíjìn) wọlé: ẹ pa á dé. Microsoft kì í kọ nọ́ńbà fóònù sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àwọn ọmọ ìta nìkan ló ń ṣe é o. L'Ámẹ́ríkà, ní 2019, FTC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, mú ilé ìtajà Office Depot àti ilé iṣẹ́ Support.com, wọ́n jọ san mílíọ̀nù 35 dọ́là. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù á bi kọ́sítọ́mà bóyá kọ̀ǹpútà ẹ̀ ń falẹ̀, kó tó di pé wọ́n "yẹ̀ ẹ́ wò", tí wọ́n bá sì ti fi àmì sí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ ìyẹ̀wò yẹn máa sọ pé àpẹẹrẹ fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ohun yòówù kó wà nínú ẹ̀, wọ́n á wá ta àtúnṣe fún un.

Bó bá di dandan kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ ya fọ́tò ojú ewé Memory àti Disk nínú Task Manager kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ kó fáìlì yín síbòmíì. Ẹ jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè ṣe é lójú yín, ẹ gbé e, ẹ máa lọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tún ṣí Task Manager, kẹ́ ẹ fi í wé fọ́tò tẹ́ ẹ yà, níwájú wọn. Tí wọ́n bá sì ti lù yín ní jìbìtì, CAPDAN ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Computer Village, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, bí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ kọ̀wé sí FCCPC, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, tàbí LASCOPA, ti ìpínlẹ̀ Èkó, tí ẹ bá wà l'Ékòó. Àmọ́ ẹ gba rìsíìtì tó kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti ẹ̀yà ara tí wọ́n pààrọ̀, torí láìsí i, ọ̀rọ̀ yín ò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀.