Ibi tí mo ti tàìpù prójẹ́ẹ̀tì mi l'Ádó: iṣẹ́ wọn dáa, àmọ́ ẹ ka gbogbo ojú ewé kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń tàìpù prójẹ́ẹ̀tì dáadáa l'Ádó-Èkìtì, mo ti rí ọ̀kan o. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà torí kì í ṣe ìyìn nìkan ni mo gbé wá. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan tó máa ń gbóná bí ààrò, àga onírọ́bà méjì fún kọ́sítọ́mà, àti fáànù kan tí wọ́n kọjú ẹ̀ sí màdáámù, àwa yòókù ká máa fi fáìlì fẹ́ ara wa.

Iṣẹ́ tí mo gbé lọ bá wọn kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Másítàsì ni mo ń ṣe, ohun tí mo kọ̀wé lé lórí sì ni bí àwọn pásítọ̀ ilẹ̀ Skọ́tílándì ṣe ń bá àwọn onílẹ̀ fà á ní kóòtù torí owó tí wọ́n á fi jẹun, láti bíi 1560 tí wọ́n ti kúrò lábẹ́ Póòpù títí wọ 1800 àti díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń bi mí pé kí ló kàn mí kan Skọ́tílándì. Bàbá mi ṣe kátíkíìsì ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé, iṣu ni wọ́n fi ń san owó ẹ̀ tówó ò bá sí, ìjọ á ní ó di ẹ̀yìn ìkórè, tí ìkórè bá kọjá wọ́n á ní òjò ò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, bàbá ò sì ní lè sọ̀rọ̀ torí ìránṣẹ́ Ọlọ́run kì í du oúnjẹ. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ibì kan wà láyé tí ìránṣẹ́ Ọlọ́run ti lè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù kó sì gba iṣu ẹ̀ pé. Ó wà o.

Láptọ́ọ̀pù mi ti kú, ìwé ọwọ́ ni mo kó lọ, ojú ewé 64, ìkọ̀wé mi gan-an sì dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ibòmíì tí mo ti kọ́kọ́ dé, wọ́n wo ojú ewé kan péré wọ́n ní àwọn ò ṣe. Ibí yìí, màdáámù wò ó, ó pe ọmọbìnrin tó ń tàìpù, ìyẹn ní òun lè kà á. ₦250 lójú ewé kan la jọ fẹnu kò sí.

Ohun tó jẹ́ kí n máa yìn wọ́n rèé: ọmọbìnrin yẹn ń ka ohun tó ń tàìpù. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọwọ́ wọn ló ń ṣiṣẹ́, ojú wọn wà lára fíìmù. Èyí máa ń dúró, á yí àga ẹ̀ padà, á ní "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni chalder?" Mo ní òṣùwọ̀n ọkà ni, boll 16 ló wà nínú chalder kan, pé lọ́dún 1617 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn sọ pé owó pásítọ̀ ò gbọ́dọ̀ kéré sí chalder 5 tàbí merk 500 (owó tí wọ́n ń ná nígbà yẹn), nígbà tó di 1633 wọ́n gbé e sókè sí chalder 8 tàbí merk 800. Ó ní ta ló ń san án, ṣé nínú ìdámẹ́wàá ni. Mo ní ìdámẹ́wàá ni lóòótọ́, teind lorúkọ tí wọ́n ń pè é, àmọ́ kì í ṣe èyí tá à ń rọra sọ sínú àpótí lọ́jọ́ Sunday o, orí ilẹ̀ ló wà, o wá ṣọ́ọ̀ṣì o, o ò wá o, tó o bá ti nílẹ̀ ní páríìṣì yẹn wàá san.

Ibi tó ti pariwo pe màdáámù pé kó wá gbọ́ ni ti 1562. Lẹ́yìn tí wọ́n yí ìsìn padà, àwọn àlùfáà àtijọ́ tí ò ṣiṣẹ́ mọ́ ṣì ń gba ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ìdá kan tó kù ni Ọbabìnrin Mary àti àwọn pásítọ̀ tuntun jọ ń pín. Inú bí John Knox, aṣáájú àwọn pásítọ̀ tuntun náà, ó ní ìdá méjì ti lọ sọ́wọ́ èṣù lọ́fẹ̀ẹ́, ìdá kẹta náà, Ọlọ́run àti èṣù ni wọ́n á tún jọ pín in. Màdáámù rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn bá kọ́míìtì ìkórè tiwọn mu. Èmi ò dá sí i.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tí wọ́n bà jẹ́.

Ìgbà tí mo gba ẹ̀dà àkọ́kọ́, mo jókòó sórí àga onírọ́bà yẹn mi ò lè dìde. Kọ̀ǹpútà wọn ní àrùn kan, ọ̀rọ̀ tí ò bá ti mọ̀ á bá ẹ tún un ṣe láìbéèrè. Gbogbo ibi tí mo kọ teind sí ti di trend. Heritors, ìyẹn àwọn onílẹ̀ tó ń san owó yẹn, ti di editors, o wá rí i pé àwọn editors ní Skọ́tílándì kọ̀ wọn ò tún òrùlé ilé pásítọ̀ ṣe. Glebe, oko tí òfin ní kí wọ́n gé fún pásítọ̀, di globe, tí pásítọ̀ fi wá ní ẹ̀tọ́ sí globe ékà mẹ́rin. Merk di Mark, bí ẹni pé owó Jámánì ni wọ́n ń ná ní Edinburgh. Boll wá di ball, ó ní pásítọ̀ gbọ́dọ̀ gba ball 128 lọ́dún, àfi bíi kóòṣì. Ká ní mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀ fún súpáfáísọ̀ mi ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti di ẹ̀sín. Mo bínú, mi ò ní purọ́. Àmọ́ wọ́n tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ ó ní "ẹ má bínú sà," ó pa nǹkan tó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe yẹn lójú mi.

Bó ṣe ń tún un ṣe ló dé ibi tí wọ́n ti ń fun ìwo lé èèyàn lórí, ó rò pé kọ̀ǹpútà ló tún da ìyẹn rú, ó fẹ́ pa á rẹ́. Mo ní dúró, ìwo gan-an ni! Onílẹ̀ tó bá kọ̀ tí ò san owó pásítọ̀ lẹ́yìn tí kóòtù ti dájọ́, wọ́n á rán ìránṣẹ́ ọba sí oríta ọjà, á fun ìwo lẹ́ẹ̀mẹta, á kéde orúkọ ẹ̀, láti ọjọ́ yẹn ọlọ̀tẹ̀ sí ọba ni, wọ́n lè gba ẹrù ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ká ní ìwo wà ní Ìkọ̀lé nígbà yẹn ńkọ́. Ó ti ka ojú ewé ìdúpẹ́ tí mo kọ fún bàbá mi nìyẹn, mi ò mọ̀.

Orí kẹrin ló le jù, mo sì gbóríyìn fún un torí àṣìṣe mẹ́ta péré ni mo rí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàlàyé bí ẹjọ́ ṣe ń lọ. Tẹ́lẹ̀, àgbẹ̀ ò lè kó ọkà kúrò lóko àfi tí ẹni tó ni ìdámẹ́wàá bá ti wá ka ìtí tiẹ̀ kúrò, ẹni yẹn sì lè má tètè wá, òjò á máa pa ọkà, ọkà á máa jẹrà níṣojú ẹni tó gbìn ín. Àsìkò Ọba Charles Kìíní ni wọ́n tún un ṣe, òfin 1633 ní kí wọ́n díye lé e, ìdá kan nínú márùn-ún owó háyà ilẹ̀ lọ́dún. Pásítọ̀ tí owó ẹ̀ ò bá tó mọ́ á lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìdámẹ́wàá, láti 1707 sì rèé àwọn adájọ́ Court of Session ní Edinburgh ló gba iṣẹ́ yẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n á fi kún un. Ìyẹn kì í pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá pín in láàárín àwọn onílẹ̀, ta ló máa san èló, ibẹ̀ gan-an ni ogun wà, kálukú á máa gbé ìwé bàbá ńlá ẹ̀ jáde pé wọ́n ti díye lé tòun tipẹ́, kí wọ́n lọ mú ti lágbájá, ẹjọ́ á máa rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ìdámẹ́wàá páríìṣì bá sì ti tán, ó ti tán nìyẹn, kóòtù ò lè mú nǹkan kan fún pásítọ̀ mọ́, ìgbà tó di 1810 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àwọn á máa fi kún ti irú wọn kó lè pé £150 lọ́dún. Ọmọbìnrin náà ní bí abà bá ti ṣófo, kí lèèyàn fẹ́ fi jíjàre ṣe. Mo ní kó má tàìpù ìyẹn o, àmọ́ mo padà lọ kọ nǹkan tó jọ ọ́ sílé.

Wàyí o, owó. A ti dé ojú ewé 32 nígbà tí bẹntiróòlù gbówó lórí, NEPA sì ti mú iná lọ látàárọ̀ ọjọ́ Tuesday. Mo dé bẹ̀, màdáámù ní "Ọmọ mi, ₦300 ni báyìí o." Mo ní "Mà, ₦250 la jọ sọ." Kí n tó sọ̀rọ̀ tán ọmọbìnrin yẹn ti yí àga padà, ó ní Bọ̀dá, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí orí kẹta pé ọkà ni wọ́n fi ń ka owó pásítọ̀, pé ní February ọdọọdún adájọ́ àgbègbè á pe ọkùnrin 15 jọ, wọ́n á gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ta ọkà, wọ́n á fi iye tọ́dún yẹn lélẹ̀, iye yẹn ni wọ́n á fi sọ ọkà pásítọ̀ di owó, tí ọkà bá wọ́n owó ẹ̀ á lọ sókè. Ẹ tiẹ̀ kọ ọdún tí kóòtù ṣòfin ẹ̀ síbẹ̀, 1723. "Ṣé epo jẹnẹrétọ̀ tiwa kì í ṣe ọkà ni sà?"

Mo ní ó dáa, òfin 1925 wá fòpin sí gbogbo ìyẹn, wọ́n ní kí owó dúró sí iye kan ṣoṣo. Ó ní ìyẹn wà ní orí karùn-ún, àwọn ò tíì débẹ̀.

Àwọn kọ́sítọ́mà méjì tó wà níkalẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Màdáámù ló là á, ojú ewé 32 àkọ́kọ́ ní ₦250, 32 tó kù ní ₦300, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦17,600, mo ṣe tiránsífà níbẹ̀. Títí di ìsìnyí mi ò fara mọ́ ọn tán, iye téèyàn bá sọ níbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó dúró lé, ó kéré jù kí wọ́n sọ fún mi lórí fóònù kí n tó wọkọ̀ wá.

Báìndìn wọn dáa, ₦3,500 fún ẹ̀dà kan, lẹ́tà góòlù ara ẹ̀ ò ṣí, ọ̀rọ̀ teind pé síbẹ̀. Ẹ tètè lọ kó tó di aago mẹ́wàá, ẹ mú fúláàṣì tiyín dání torí tiwọn ní fáírọ́ọ̀sì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi yín sídìí fọ́tòkọ́pì yẹn.

Thursday tó kọjá, mo ti gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ wọn, mo ti fún súpáfáísọ̀, òun náà ti kà á ó ti sáìn ín. Ní bíi aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọmọbìnrin yẹn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Bọ̀dá ẹ káalẹ́ sà. Ojú ewé 58, ẹ ní chalder 5 jẹ́ boll 90. Ṣé kì í ṣe 80 ni?" Mo dìde nílẹ̀ mo lọ wò ó. 80 ni.