Ilé tí mo rẹ́ǹtì ní Glasgow: ògiri ń làágùn, ẹ́jẹ́ǹtì ń sọ̀rọ̀, òfin ló gbà mí

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin ọmọ Ọbòkun. Láti ìgbà tí mo ti padà sí Iléṣà, ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní Ẹrẹ́jà, kódà màmá tó ń ta èlùbọ́ fún wa lọ́jà Atákúnmọ́sà dá mi dúró pé ọmọ òun ti rí àdímíṣọ̀n sí Glasgow, pé báwo nilé ṣe rí lọ́hùn-ún, ṣé ó wọ́n, ṣé ẹ́jẹ́ǹtì wọn kì í gbówó sá lọ bíi tàwọn tibí. Ó ti ń rẹ ẹnu mi, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo yín jọ kà á.

Mi ò ní í sọ̀rọ̀ yunifásítì níbí o. Ilé tí mo rẹ́ǹtì ni mo fẹ́ sọ, àti ẹ́jẹ́ǹtì tó fún mi nílé náà, mi ò sì ní dárúkọ wọn torí mi ò fẹ́ wàhálà lọ́yà. Máàkì mi rèé: ilé gba 2 nínú 5, ẹ́jẹ́ǹtì gba 1, ìyẹn náà torí pé wọ́n máa ń gbé fóònù. Òfin tó dáàbò bo ayálégbé ní Scotland ló gba 5, ká ní 6 wà ni màá fún un.

Dennistoun nilé náà wà, lápá ìlà oòrùn Glasgow, ọ̀kan nínú àwọn ilé olókùúta àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní tenement, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé jọ ń gùn. Téèyàn bá dúró sójú títì wò ó, á wù ú, òkúta pupa, fèrèsé gbàgàdà, àjà gíga fíofío. Àjà gíga yẹn gan-an ni wàhálà. Gbogbo ooru tí hítà bá mú jáde, òkè ló ń gbà lọ, ìwọ tóo jókòó sórí àga nísàlẹ̀ wàá máa gbọ̀n. Gíláàsì fèrèsé mi, ẹyọ kan ni, kì í ṣe oníméjì, atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé, ankárá àtijọ́ ni mo ká tí mo fi dí i. Ní December, ilẹ̀ á ti máa ṣú kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, kì í sì í mọ́ títí di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, torí náà iná ń jó hítà ń jó mítà ń kà. Prepaid ni mítà yẹn, bíi tilé wa níbí náà ni, ṣọ́ọ̀bù la ti ń ra iná sí i. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní standing charge wà níbẹ̀, irú owó tí àwọn oníná ń gbà lọ́wọ́ wa níbí nígbà kan kí wọ́n tó fagi lé e, bóo tan iná bóò tan iná wọ́n á yọ tiwọn lójoojúmọ́. Mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà tí màá fi dé, mítà tí mi ò fọwọ́ kàn ti jẹ mí ní gbèsè.

Kí n tó gbàgbé, iyán. Ìjẹ̀ṣà ni mí, mi ò lè sọ̀rọ̀ ilé kí n má mẹ́nu bà á. Pákó ni ilẹ̀ inú àwọn ilé yẹn láàárín àjà kan sí èkejì, ìró kankan kì í farapamọ́. Mo gbé odó kékeré kalẹ̀ ní Sátidé kan, ọmọ odó ò tíì balẹ̀ dáadáa tí aládùúgbò ìsàlẹ̀ ti ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀ gbì gbì gbì, ó rò pé mò ń wólé ni. Poundo ni mo jẹ títí mo fi kúrò, ẹ má sọ fún màmá mi. Ata dídín náà ní tiẹ̀: láti February 2022 ni òfin ti ní kí gbogbo ilé ní Scotland ní aláàmù iná tó so pọ̀ mọ́ra wọn, ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan ní kọ́rídọ̀, ti kíṣìnì wà lọ́tọ̀. Òórùn ata á lọ bá ti pálọ̀, á figbe ta, ti kọ́rídọ̀ á dá a lóhùn, èmi á wà lórí àga pẹ̀lú tówẹ̀lì lọ́wọ́ tí mò ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ọba.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ògiri. Mo sún wọ́dúróòbù torí yẹtí mi tó já bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, ohun tí mo rí, ẹnu mi ò gbà á: ògiri ti bu dúdú láti ilẹ̀ dé ìdajì, ó ń làágùn, bàtà aláwọ tí mo gbé síbẹ̀ ti hu irun funfun. Mo yà á ní fótò, mo kọ ímeèlì sí ẹ́jẹ́ǹtì. Wọ́n ní kí n máa ṣí fèrèsé. Ní February! Mo tún kọ òmíràn, wọ́n ní aṣọ tí mò ń sá sínú ilé ló fà á. Ẹ gbà mí, níbo ni kí n sá a sí, ṣé òjò Glasgow mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni? Ìgbà tí mo rí i pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn sìn mí dé ìparí, mo kọ ọ́ sínú ímeèlì pé tí wọn ò bá tún un ṣe màá gbé ọ̀rọ̀ lọ sí First-tier Tribunal, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ayálégbé àti lánlọ́ọ̀dù, ayálégbé kì í sì í san kọ́bọ̀ kó tó gbé ẹjọ́ débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n rán ẹnì kan wá. Kí ló ṣe? Ọ̀dà funfun ló kùn lé e lórí. Kó tó di ìgbà díẹ̀, dúdú ti yọjú padà.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Nílé wa níbí, kóo tó wọ yàrá àti pálọ̀, wàá san rẹ́ǹtì ọdún kan, wàá san agent fee, wàá san àgírímẹ́ǹtì, wàá san caution fee tóo mọ̀ lọ́kàn ẹ pé o ò ní í rí mọ́ láyé. Ní Scotland, òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó ẹ́jẹ́ǹtì tàbí owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ayálégbé. Rẹ́ǹtì àti dípọ́síìtì ni, ó parí, dípọ́síìtì yẹn náà ò sì gbọdọ̀ ju rẹ́ǹtì oṣù méjì lọ. Ibi tó ti ń dun àwọn ọmọ wa ni pé bí o ò bá ní onídùúró tó ń gbé ní Britain, wọ́n á ní kóo san rẹ́ǹtì oṣù bíi mélòó kan sílẹ̀. Òfin ní kò gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́fà, àmọ́ rẹ́ǹtì mi tó ń lọ bíi £800 lóṣù, oṣù mẹ́fà ẹ̀ £4,800 ni, kóo tó ra ṣíbí. Ẹ bá mi ṣẹ́ ẹ sí náírà kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀ bàbá yín.

Láti 1 December 2017 ni irú àgírímẹ́ǹtì tuntun ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kò ní ọjọ́ ìparí. Tó bá sú ìwọ, wàá fún wọn ní ọjọ́ 28. Lánlọ́ọ̀dù ní tiẹ̀ ò lè ṣàdédé bínú kó ní kóo kó ẹrù ẹ jáde lọ́la, àfi kó ní ìdí tó wà nínú òfin, tóo bá sì ti lò ju oṣù mẹ́fà lọ, lọ́pọ̀ ìgbà ọjọ́ 84 ló gbọ́dọ̀ fún ẹ. Kò lè fowó lé rẹ́ǹtì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún náà.

Dípọ́síìtì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa. Lánlọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ fi í sápò. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 30 tóo bá ti wọlé, ó gbọ́dọ̀ gbé e fún ọ̀kan nínú iléeṣẹ́ mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí láti máa tọ́jú ẹ̀. Tí kò bá gbé e síbẹ̀, Tribunal lè ní kó san tó ìlọ́po mẹ́ta owó náà fún ẹ. Tí ìjà bá dé nígbà tóo fẹ́ kúrò, àwọn tó ń tọ́jú owó yẹn náà ló máa wo ẹ̀rí ọ̀tún àti tòsì, ọ̀fẹ́ sì ni.

Èmi ńkọ́? Mo fẹ́ kúrò, ẹ́jẹ́ǹtì ní àwọn máa yọ £350 torí ògiri yẹn. Ògiri kan náà o! Wọn ò mọ̀ pé ọmọ òṣómààló làwọn ń bá ṣeré, bàbá tó bí bàbá mi ta aṣọ láwìn káàkiri, kò sì sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè tí kò lòṣó sí rí. Èmi náà lòṣó ti kọ̀ǹpútà mi. Fótò tí mo yà lọ́jọ́ tí mo wọlé, tí déètì wà lára ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú dípọ́síìtì mi, gbogbo ímeèlì February mo kó o jọ, fótò ọ̀dà tí wọ́n kùn lé dúdú lórí, mo fi tì í. Wọ́n yọ £40 torí sítóòfù, ata rodo ò ṣeé fọ̀ tán, wọ́n dá gbogbo ìyókù padà sí àkáǹtì mi. Ẹ́jẹ́ǹtì ò tiẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀.

Àwọn nǹkan tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Omi ẹ̀rọ ibẹ̀ dára, láti adágún Loch Katrine ló ti ń wá láti 1859, ẹnu ẹ̀rọ ni mo ti ń mu ún, mi ò ra omi rí. Ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ò dára, káńsù ń gbowó kí wọ́n tó wá gbé ẹrù ńlá, làwọn èèyàn bá ń ju mátírẹ́ẹ̀sì síbẹ̀ lóru, eku sì ń ṣe fàájì. Subway wọn, ìyẹn rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, ti wà láti 1896, ibùdókọ̀ 15 péré, roboto ló ń yí po láàárín ìgboro àti apá ìwọ̀ oòrùn, kò dé Dennistoun, nígbà tí mo wà níbẹ̀, tó bá ti di Sunday, lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀. Ọmọ tó bá ń gbé níbẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 22, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ni fún un, kó tètè lọ gba káàdì ẹ̀.

Ilé ò sí níbẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Káńsù Glasgow fúnra wọn kéde ní November 2023 pé ọ̀rọ̀ ilé ti di pàjáwìrì, Edinburgh náà kéde tiwọn lóṣù kan náà. Níbi tí nǹkan bá ti wọ́n báyìí, àwọn gbájúẹ̀ á ti jókòó síbẹ̀. Gbogbo lánlọ́ọ̀dù tó ń rẹ́ǹtì ilé ní Scotland gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù, nọ́ńbà ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìpolówó ilé, ọ̀fẹ́ lo sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá ti pé mẹ́ta tẹ́ ò bára yín tan tẹ́ ẹ fẹ́ jọ máa gbé fíláàtì kan, lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì HMO, ìyẹn ìwé àṣẹ fún ilé tí àwọn tí kò bára tan jọ ń gbé, ẹ béèrè ẹ̀.

Àbúrò kan láti Ìbòkun kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé lánlọ́ọ̀dù kan lórí WhatsApp ní kóun fi £500 ránṣẹ́ kí wọ́n lè bá òun di yàrá mú. Mo ní kó kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà rẹ́jísírésọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀. Ó béèrè ẹ̀, onítọ̀hún sì ti blọ́ọ̀kì ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.