Epo olówó ńlá, E10 àti E85: ohun tí mo rí nígbà tí mo lò wọ́n

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páńpù nílé epo kì í ṣe nọ́ńbà agbára. Ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ṣòfò. Ọ́kítéènì ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì ń wọ̀n ni bí epo ṣe lè pẹ́ tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀ nígbà tí písítìnì bá ń fún òun àti afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí epo bá gbiná kí iná pọ́lọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ró bí ìgbà tí èèyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ẹ má sì fi 95 ti Yúróòpù wé 93 ti Amẹ́ríkà o. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n yàtọ̀. 95 tọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ ju 91 tibí lọ.

Mọ́tò mi kan kò ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, 87 ni ìwé rẹ̀ béèrè. Mo ń rọ 93, epo olówó ńlá náà, sí i fún ìgbà díẹ̀, mo ń fojú sí dáṣíbọ́ọ̀dù, mo ń gba òkè kan náà. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Bó ṣe ń jẹ epo tẹ́lẹ̀ náà ló ń jẹ ẹ́, bó ṣe ń gun òkè náà ló ń gùn ún.

Èkejì ní tọ́bò, ìwé rẹ̀ sì ní kí n lo 91. Èyí ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Tí mo bá rọ 87 sí i, lójú títì tó tẹ́jú, n kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n kí oòrùn mú, kí ẹrù kún ẹ̀yìn, kí n wá tẹná lórí òkè, ojú ẹsẹ̀ ni yóò máa wọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ́ ariwo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Bó bá ti gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á dá iná pọ́lọ́ọ̀gì dúró díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́, agbára á sì dín kù. Nígbà tí mo padà sí 91, ó tún ń fà dáadáa.

E10, ìyẹn èyí tí ẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí líle tí wọ́n ń fi àgbàdo tàbí ìrèké ṣe) kó 10 nínú 100 rẹ̀, kò yọ mí lẹ́nu. Agbára tó wà nínú lítà ẹ́tánọ́ọ̀lù kan fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti bẹntiróòlù, nítorí náà nǹkan bí 3 nínú 100 ni E10 fi ń jẹ epo jù. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ nìkan á jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo kórìíra nípa rẹ̀ ni omi. Ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń fa omi mọ́ra, bí mọ́tò bá wá jókòó fún oṣù mélòó kan, òun àti omi lè ya kúrò lára epo kí wọ́n sì sùn sí ìsàlẹ̀ táǹkì. Ó tún máa ń fọ ìdọ̀tí àtijọ́ inú táǹkì wá sínú fílítà. Mo bọ́ rọ́bà epo kan lára ẹ̀rọ agékoríko àtijọ́ tó ti ń mu E10: ó ti wú, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì ti là. Ẹ̀yin tí mọ́tò yín ṣì ń lo kabúrétọ̀, ẹ yẹ rọ́bà yín wò.

E85, ìyẹn èyí tí ẹ́tánọ́ọ̀lù rẹ̀ lè tó 85 nínú 100, mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti lò ó, torí pé wọ́n ṣe tiẹ̀ fún un, ìdérí táǹkì rẹ̀ aláwọ̀ òféèfèé ni. Ẹ má rọ ọ́ sí mọ́tò tí wọn kò ṣe fún un. Epo tó ń fẹ́ sí afẹ́fẹ́ pọ̀ ju èyí tí kọ̀ǹpútà lè bá a wá lọ. Ó ń fà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí òtútù bá mú, ó máa ń pẹ́ kó tó jí, ìrìn tí táǹkì kan ń gbé mọ́tò náà sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti bẹntiróòlù. Àwọn ará Brazil, tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ́tánọ́ọ̀lù ní 1975, ní ìṣirò kan tí mo fẹ́ràn: bí owó ẹ́tánọ́ọ̀lù bá ti kọjá 70 nínú 100 owó bẹntiróòlù, kí o fi í sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣírò kankan ní tiwọn, wọ́n ní bó ṣe ń fà yẹn ti tó àwọn. Èmi ò ní sùúrù à ń yà sílé epo lemọ́lemọ́.