Ricoh GR III: Kámẹ́rà Àpò Tó Ń Bá Full-Frame Mi Rìn

Kí n tó ra Ricoh GR III, ohun kan náà ni mo máa ń gbé rìnrìn àjò: Sony A7 III, kámẹ́rà full-frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, tóbi), pẹ̀lú lẹ́ńsì 24-70mm f/2.8 GM lẹ́nu rẹ̀. Nínú nọ́ńbà lẹ́ńsì, mm kékeré ló ń rí ibi tó fẹ̀, mm ńlá ló ń fa nǹkan sún mọ́; f kékeré ló ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Kámẹ́rà yẹn pẹ̀lú bátìrì àti káàdì jẹ́ giráàmù 650. Lẹ́ńsì ọ̀hún tún wúwo jù ú lọ, giráàmù 886. Ẹ rò ó pọ̀, ó di 1,536, kílò kan àbọ̀ ó lé díẹ̀, tí okùn rẹ̀ á máa ge mí lọ́rùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara ṣì máa ń yá mi, mi ò ní ka ìwúwo yẹn sí. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, màá ti fi í sílẹ̀ sínú yàrá, màá ní mo máa padà wá gbé e tí oòrùn bá rọlẹ̀. N kì í padà.

Ìrìn àjò tí èmi àti ìyá mi jọ lọ ló là mí lójú. A wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ti gbé awò ojú wọn sókè sí iwájú orí, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà pupa kan lára àwòrán ọ̀nà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n ń pe orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kàwé fún ọmọdé. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ gba fèrèsé òkè wọlé, ó sì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn gẹ́ẹ́. Sony mi wà nínú yàrá. Mo fi fóònù yà á. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá fún wọn, mo fà á sún mọ́ mi lórí kọ̀ǹpútà, mo rí i pé fóònù ti bá wọn kun ojú: àwọn ìlà wẹ́wẹ́ abẹ́ ojú wọn, ìlà ẹ̀rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, gbogbo rẹ̀ ti dán bọ̀rọ́. Ó dùn mí gan-an. Ojú ìyá mi kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi pé mo fẹ́ ra kámẹ́rà kékeré kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ ta Sony yẹn ni?" Mo ní rárá o. Ó ní, "Kí wá lẹ fẹ́ fi méjì ṣe?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì tó oṣù méjì kí n tó rí èsì tó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Mo ti gbé méjèèjì rin ìrìn àjò mẹ́fà báyìí, ẹnu mi ti gbà á láti sọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá kò tọ̀nà. Mò ń wá kámẹ́rà kékeré tó lè ṣe gbogbo ohun tí ńlá ń ṣe. Ọ̀rọ̀ gíláàsì ni kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Sẹ́ńsọ̀ full-frame fẹ̀ ní mílímítà 36, ó ga ní 24. Lẹ́ńsì tó bá wà níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ da ìmọ́lẹ̀ tó kárí gbogbo rẹ̀ láti igun dé igun, ìdí nìyẹn tí lẹ́ńsì onísúùmù f/2.8 fi máa ń tóbi bí igò. Èèyàn lè ra bọ́dì full-frame tó kéré, lẹ́ńsì onísúùmù yẹn ò ní bá a kéré. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó máa wọ àpò, ẹ máa fi nǹkan sílẹ̀.

Mẹ́ta ni mo gbé yẹ̀ wò. Sony RX100 VII, tó jáde ní 2019, ní súùmù tó lọ láti 24 dé 200mm ní ìṣirò full-frame, gbogbo rẹ̀ ò sì ju giráàmù 302 lọ. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 13.2 sí 8.8, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ àti inú ilé ni mo ti máa ń ya fọ́tò jù. Fujifilm X100V ti ọdún 2020 wọ̀ mí lọ́kàn: ihò ìwòran rẹ̀, àwọn ohun tí èèyàn ń fọwọ́ yí lórí rẹ̀, lẹ́ńsì f/2 tó ń rí bíi 35mm. Giráàmù 478 ni. Mo tì í bọ àpò ẹ̀wù òtútù mi, ẹ̀wù náà fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kámẹ́rà ọrùn ni, mo sì ti ní èyí tí mò ń gbé kọ́ ọrùn.

Ó wá ku GR III, tí òun náà jáde ní 2019. Sẹ́ńsọ̀ APS-C (ó kéré sí full-frame, ó tóbi ju ti RX100 lọ), megapixel 24, lẹ́ńsì kan ṣoṣo tí kò ṣeé yọ, 18.3mm f/2.8, tó ń rí bíi 28mm lórí full-frame. Giráàmù 257 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì. Kò ní súùmù, kò ní ihò ìwòran, kò ní fíláàṣì, gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ṣeé ṣí síta. Lójú ẹni tó bá ń ka ohun tí kámẹ́rà ní, òtòṣì ni.

28mm yẹn gan-an ló dá àbúrò mi lóhùn. Mo kó gbogbo fọ́tò ìrìn àjò mi àtijọ́ sínú Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to fọ́tò, mo ní kó bá mi pín wọn gẹ́gẹ́ bí gígùn lẹ́ńsì tí mo fi yà wọ́n. Ìpẹ̀kun méjèèjì ni wọ́n kó jọ sí: 24 sí 30mm, tàbí 70mm gan-an, tó hàn pé mi ò bá sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ààyè wà. Àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Lẹ́ńsì giráàmù 886 ni mò ń rù kiri nítorí orí àti ìdí rẹ̀. Mo bá yọ ọ́, mo fi FE 85mm f/1.8 sẹ́nu Sony, giráàmù 371. Ẹ bá mi ṣírò: 650 àti 371 jẹ́ 1,021. Ẹ fi Ricoh 257 lé e, ó di 1,278. Kámẹ́rà méjì tí mò ń gbé báyìí fúyẹ́ ju ẹyọ kan tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀ lọ ní giráàmù 258. Bíi pé mo tún yọ odindi Ricoh mìíràn nínú báàgì. Mo gbé gbogbo wọn sórí òṣùwọ̀n kí n tó gbà á gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kó má fi kámẹ́rà kékeré ṣe ẹ̀dà ńlá. Ẹ wá èyí tó máa gba apá kan iṣẹ́ lọ́wọ́ ńlá pátápátá. Ẹni tí 35mm kì í kúrò lẹ́nu full-frame rẹ̀, tó tún lọ ra X100V, lẹ́ńsì kan náà ló rà lẹ́ẹ̀mejì. Tí 28mm bá fẹ̀ jù lójú yín, GR IIIx wà, ti ọdún 2021, tó ń rí bíi 40mm.

Bí Ricoh ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ti tó o. Ìka kan á tẹ̀ ẹ́ tàn, lẹ́ńsì á yọ jáde, kí ẹ tó gbé e dé iwájú ojú ó ti ṣe tán. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Snap Focus: ẹ ti sọ jíjìnnà ohun tí ẹ fẹ́ yà fún un tẹ́lẹ̀, ẹ kàn tẹ bọ́tìnì dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí pé ó ń wá ojú ẹnikẹ́ni kiri, ó ti yà. Mítà 2 àti f/8 ni mo máa ń fi sí. Nítorí pé lẹ́ńsì náà kúrú, láti nǹkan bíi mítà kan títí dé òdìkejì òpópónà ló máa hàn gaara. Tí ẹ bá fi 28mm f/8 sórí full-frame, tí ẹ fi sí mítà 2 kan náà, nǹkan bíi mítà 5 ni gaara yẹn máa tán sí. Níbí, kékeré gan-an ló borí, àwọn tó ń sọ pé full-frame dára jù níbi gbogbo kì í sì í rántí rẹ̀.

Ìyá mi jẹ́rìí sí ìyókù láìmọ̀. Tí mo bá gbé Sony sójú, wọ́n á tún ọrùn aṣọ wọn ṣe, wọ́n á di ẹnu mú, wọ́n á dúró gbọn-in bí ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìrìnnà. Tí Ricoh bá wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n ń bá lọ. Inú lẹ́ńsì ni ṣọ́tà rẹ̀, ohun tó ń ṣí tó sì ń pa fún ìmọ́lẹ̀, wà, ìró rẹ̀ ò ju ti èékánná tó kan tábìlì lọ. Ní ìrìn àjò wa kejì, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní, "Gbé e wá, kí n ya ìwọ náà." Wọn ò bá mi gba ti Sony rí. Fọ́tò mi kan ṣoṣo tó jáde nínú ìrìn àjò yẹn, àwọn ni wọ́n yà á, ó dagun díẹ̀, mo sì ń fi aṣọ nu lẹ́ńsì 85mm nínú rẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ náà nìyí. Fífẹ̀ sẹ́ńsọ̀ Sony fi díẹ̀ ju ìlọ́po 2.3 ti Ricoh lọ. Ẹ tún fi f/1.8 kojú f/2.8, ìmọ́lẹ̀ tí Sony ń rí gbà láàárín àkókò kan náà ju ìlọ́po 5 lọ. Nínú ilé kan tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, mo di Ricoh mú ní ìdá mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá kan, mo ya ère igi kan, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tó ń mì láti gba ìwárìrì ọwọ́ mi dúró sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀: mo lè ka ojú ọ̀bẹ agbẹ́gilére lára igi náà. Àwọn èèyàn tó ń kọjá lẹ́yìn ère di èéfín. Ère kì í rìn. Fún ọmọ tó ń sáré lálẹ́, tàbí ojú ẹni tó ń yíjú sí tọ̀hún sí tìhín, Sony ni mò ń gbé, nítorí ó máa ń rọ̀ mọ́ ẹyinjú èèyàn bí onítọ̀hún ṣe ń lọ. Ricoh ò lè bá a dé ibẹ̀, mi ò sì bi í léèrè. Ó ní ọ̀nà láti gé fọ́tò rẹ̀ sí 35mm tàbí 50mm; ti 35 ṣì ku megapixel 15, ó wúlò, ti 50 ku 7, mo ti fi í sílẹ̀.

Bátìrì rẹ̀ kéré. Nǹkan bíi fọ́tò 200 ni wọ́n ṣírò fún un, nígbà tí ti A7 III jẹ́ 710. Bátìrì DB-110 rẹ̀ mẹ́ta ni mo ní, n kì í kúrò nílé láìmú méjì kún èyí tó wà nínú rẹ̀. Okùn USB-C kan náà ló ń gba iná sí kámẹ́rà méjèèjì, káàdì SD kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ẹ má fojú kéré èyí nínú ìrìn àjò. Ricoh tún ní ibi ìpamọ́ 2GB nínú ara rẹ̀, ó sì gbà mí lọ́jọ́ tí mo fi káàdì sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà. Wọn ò dí i mọ́ omi àti eruku. Tí òjò bá ti kán, inú àpò ló ń lọ, inú àpò aṣọ kékeré tí mo rán fún un, etí òkun oníyanrìn sì jẹ́ ti Sony.

Ohun kan tí mi ò rí ẹni kì mí nílọ̀ rẹ̀: aago. Nígbà tí a kọjá sí ibi tí aago fi wákàtí méjì yàtọ̀, mo yí ti Sony, mo gbàgbé ti Ricoh. Nígbà tí mo kó fọ́tò ọgọ́rùn-ún mẹ́fà jọ, ìyá mi ti wọ ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀. Lightroom lè sún aago fọ́tò síwájú sẹ́yìn, mo tún un ṣe, ṣùgbọ́n odindi ìrọ̀lẹ́ kan ló gbà. Nísinsin yìí, àràárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo máa ń fi kámẹ́rà méjèèjì ya ojú aago fóònù mi kan náà. Tí wọn ò bá dọ́gba, ibẹ̀ ni màá ti rí i. Ti àwọ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo máa ń ya RAW (fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe) nínú méjèèjì, màá fi awọ ara ẹnì kan náà ṣe ìwọ̀n, màá sì mú Sony bá Ricoh mu, nítorí àwọ̀ Ricoh ló sún mọ́ bí ojú mi ṣe rí i.

Báàgì ìrìn àjò tó ń bọ̀ ti wà nílẹ̀: 85mm lẹ́nu Sony, bátìrì Ricoh méjì, káàdì mẹ́rin, okùn kan. Ricoh ò sí nínú báàgì. Àpò ọ̀tún ẹ̀wù mi ló wà. 24-70 ṣì ń bẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ tí wọ́n bá sanwó rẹ̀ nìkan ló ń gbé e jáde.